Irin Pupa Tí A Hú Níwájú Ilé

Òórùn omi bátìrì kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Bí o fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí o sá a sóòrùn títí tó fi gbẹ, ọjọ́ tí o bá tún wọ̀ ọ́ tí òógùn sì bò ọ́, òórùn náà á tún dìde, á máa ta ọ́ nímú bíi ti ọsàn tó ti kan. Òun ni mo bá nílé ọkọ ní Ìkirè ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ilé wa wà létí ọ̀nà tó lọ sí Apòmù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń din dòdò láti àárọ̀, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá ti iwájú wá, dòdò ni à ń gbóòórùn, bó bá sì ti ẹ̀yìn wá, bátìrì ni. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀kan nínú méjèèjì, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn mi, bíi pé ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Ọkọ mi ń ṣáàjì bátìrì. Ìwọ náà á rántí bí iṣẹ́ náà ṣe gbayì tó nígbà náà. Iná ìjọba kò tíì dé ọ̀pọ̀ abà tó wà lápá Orílẹ̀-Òwu àti Ararọ̀mí-Òwu, àmọ́ tẹlifíṣàn ti débẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tí kòkó bá ṣe dáadáa fún á ra tẹlifíṣàn dúdú àti funfun, á so ó mọ́ bátìrì mọ́tò, gbogbo abà á wá péjọ síwájú rẹ̀ títí àwòrán á fi máa sún kì, tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ á sì máa fa ohùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á so bátìrì náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di ilé wa. Ọkọ mi á gbà á lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń bá bátìrì sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Tíṣà ló máa ń pè mí, nítorí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláásì kejì ní Apòmù.

Ọdún mẹ́ta la ti ṣègbéyàwó, oyún méjì sì ti bàjẹ́ lára mi. Àwọn ará ilé ọkọ mi kò bú mi, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á wo ikùn mi kí wọ́n tó wo ojú mi. Ilé àwọn olùkọ́ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí, níbi tí a ti ń fi orin inú ìwé yin Ọlọ́run láìpariwo, àmọ́ ẹni tí oyún bá bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kì í béèrè orúkọ ìjọ kó tó wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ ìyá àdúrà kan ládùúgbò wa, aláṣọ funfun, tí ọwọ́ wọn máa ń gbóòórùn àbẹ́là. Nígbà tí oyún kẹta pé oṣù mẹ́ta, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "mo rí ohun kan tí wọ́n rì síwájú ilé yín. Ṣé wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sì sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Apòmù dé ni, níbi tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ́dọ̀ màmá mi nígbà tí ilé ìwé wà ní ìsinmi. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo yẹ ìdí ògiri wò, mo sì rí i: ojú ilẹ̀ kan tó fẹ̀ tó àtẹ ìpátẹ, tí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, tí koríko kò tíì hù lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọkọ mi gbé bátìrì lọ fún àwọn oníbàárà ni a hú u. Ìyá àdúrà ń kọrin jẹ́jẹ́, èmi ń fi àdá tú ilẹ̀. Èédú la kọ́kọ́ kàn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ èédú tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà iyọ̀, iyọ̀ funfun tó ti ń yọ́ mọ́ èédú. Lẹ́yìn náà ni orí irin kan yọ, irin pupa tó ń dán, tí kò gùn ju apá mi lọ, tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ṣánṣán, tí wọ́n sì fi wáyà dì lọ́rùn pinpin. Wàá bi mí pé, ìwọ olùkọ́, ṣé o kò rí wáyà ni? Mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù bá ti sọ ohun tí nǹkan jẹ́ fún èèyàn, ojú kì í rí òmíràn mọ́. Ìdè ni mo pè é. Mo ní ilé ọmọ mi ni wọ́n dì báyẹn. A fi ọ̀bẹ gé wáyà náà, a mi irin náà títí ó fi tú, ìyá àdúrà fi aṣọ funfun wé e, wọ́n sì lọ jù ú sódò. Mo da yẹ̀pẹ̀ padà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo gbin efinrin sórí rẹ̀.

"Má bi ọkọ rẹ o," ni wọ́n kìlọ̀ fún mi kí wọ́n tó lọ. "Ẹni tó rì í lè jẹ́ ẹni tó sún mọ́ ọ jù. Bí o bá bi í, á ri òmíràn."

Màá sọ fún ọ nísinsìnyí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà. Nígbà tí mo wà ní Apòmù, ọkọ mi ra ẹ̀rọ tuntun tó lè ṣáàjì bátìrì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wáyà tó wà nílé wa kò lè gbé e, ó sì lọ pe bàbá oníṣẹ́ iná kan wá láti Apòmù, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ wáyà. Wọ́n fa wáyà tó nípọn láti ìdí mítà wá sí yàrá bátìrì, wọ́n fi súìṣì ńlá rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ri ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì sídìí ògiri. Bí iná bá ṣìnà bọ́ sára irin ẹ̀rọ, ẹ́ẹ̀tì yìí ló máa gbà á wọnú ilẹ̀ lọ, fíùsì á sì já kó tó pa èèyàn. Èédú àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ máa tutù, kí iná lè rí ọ̀nà gbà. Ohun tó wà láti ṣọ́ wa ni mo hú dànù. Kò sì sẹ́ni tó fi í pamọ́ fún mi. Àwọn ọkùnrin ṣe iṣẹ́ wọn tán ni, wọ́n sì rò pé kò sí ohun tó kan ìyàwó ilé nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo hú u ni ilé yẹn ti há mọ́ mi. Ọkọ mi á kọjá létí efinrin náà láìwò ó, màá ní ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni kì í wò ó. Lọ́jọ́ tó bá wò ó, màá ní, ẹ ò rí i? Inú abọ́ kan náà la ti máa ń jẹun tẹ́lẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òórùn ọbẹ̀ ń rìn mí, mo ń dá jẹun ní ìdáná. Bó bá bu omi fún mi, màá gbé e kalẹ̀ títí yóò fi yíjú, màá sì dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí mo bá padà sí Apòmù, kí ni màá sọ fún màmá mi pé ó lé mi wá? Bí mo bá sì dúró, lọ́dọ̀ ta ni mo dúró? Èmi tí mo ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n máa béèrè ohun tí kò bá yé wọn, mi ò lè la ẹnu nínú ilé ara mi.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun náà bi mí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ń fi èkísà nu ọwọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o. Kí lẹ rí?"

Ó mi orí. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ sínú yàrá bátìrì, mo sì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó ti máa ń ṣe.

Oyún náà dúró. Mo bí ọkùnrin, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ń rẹ́rìn-ín. O lè rò pé ayọ̀ ọmọ á tú mi sílẹ̀. Òun gan-an ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi pátápátá, nítorí ọmọ náà di ẹ̀rí. Ṣebí ohun tí a hú kúrò ló jẹ́ kó dúró? Bí bàbá rẹ̀ bá gbé e jó, màá máa rẹ́rìn-ín lójú, màá sì máa ka ìgbà tí yóò gbé e padà fún mi. Ọkùnrin kan ń jó pẹ̀lú ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin retí, ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ojú máa ń tì mí bí mo bá rántí rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ń lọ sí oṣù márùn-ún, àwọn olè wá jí bátìrì àwọn oníbàárà gbé lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi pe wẹ́dà kan, ó ṣe ilẹ̀kùn ọ̀pá irin sí yàrá bátìrì, ó sì jó ẹsẹ̀ tábìlì irin tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn náà, kí olè má baà rí i gbé. Fèrèsé kan péré ló wà níbẹ̀, kékeré, irin ló sì wà lójú òun náà. Òfin ọkọ mi ni pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi irin ìdábùú ti ilẹ̀kùn láti inú.

Ní ọ̀sán Sátidé kan nígbà òjò, ó gbé bátìrì lọ sí Apòmù, ó ní kí n jókòó ti àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ. Mo pọn ọmọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláásì mi. Òjò bẹ̀rẹ̀, ìjì sì ń wọ́n ọn gba ojú fèrèsé sára ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí omi fi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú. Mo gbọ́ ìgbà tí ohùn ẹ̀rọ náà yí padà. Ó ti ń kùn jẹ́jẹ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá ń ta bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Mo dìde kí n lọ pa súìṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo na ọwọ́ mú irin ìdábùú.

Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju pé apá mi kì í ṣe tèmi mọ́. Èmi kọ́ ni mo mú irin náà mọ́, òun ló mú mi. Lẹ́yìn náà ó jù mí sẹ́yìn, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú sínú omi nítorí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Nígbà tó bú sẹ́kún, mo dúpẹ́. Mo ta gìrì gun bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń ṣe mí yìnrìnyìnrìn bí ibi tí ìjàlọ ti rìn kọjá. Igi tí a fi ń ti fèrèsé wà nítòsí; mo fi taari irin ìdábùú náà, àmọ́ irin náà ti dípẹtà, ọwọ́ méjì ló máa ń fẹ́ kó tó yẹ̀, òjò sì ti rin igi náà gbindin débi pé mo tún gbọ́ iná nínú rẹ̀. Mo jù ú nù.

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Òjò orí páànù kò jẹ́ kí èmi gan-an gbọ́ ara mi. Mo sún mọ́ àárín bẹ́ǹṣì náà, mo ká aṣọ mi mọ́ra, mo ń wo omi tó ń ga sí i lábẹ́ mi. Ìwọ mọ bí a ṣe máa ń ṣe nígbà náà bí iná bá dé, tí gbogbo àdúgbò á hó yèè. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbàdúrà pé kí wọ́n mú un lọ. Iná tó máa ń lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ dúró ṣinṣin, gílóòbù orí mi kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo kọ gbogbo orin tí mo mọ̀. Nígbà tí orin tán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú orí mi: ohun tí a hú ti padà wá gbẹ̀san. Mo ní, ẹ wò ó, ọkọ mi ti rí òmíràn rì.

Ó tó wákàtí kan kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi ló dé, bàbá oníṣẹ́ iná láti Apòmù sì ń tẹ̀lé e. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀rọ náà ti ń ta á lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sọ fún mi, kí àyà mi má baà já, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tó fi lọ pè wọ́n. Òjò ti pa á dé awọ. Ó rí mi lórí bẹ́ǹṣì, ó rí omi nílẹ̀, ó sáré bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ilẹ̀kùn.

Ohun tó tẹ̀lé e, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo dákẹ́. Kò pẹ́ ju ìgbà tí èèyàn fi ń gbé itọ́ mì lọ, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Ọkàn mi sọ pé, ohun tó rì, jẹ́ kó mú òun náà wò. Ìgbà náà ni ọmọ ẹ̀yìn mi rí bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi sí i, ẹnu mi sì là.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Iná wà lára irin!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìka rẹ̀ kò jìnnà sí irin ju bí ẹ̀yìn àdá ti nípọn lọ. Bàbá oníṣẹ́ iná ti yí padà, wọ́n sáré lọ pa súìṣì, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́ wọ̀ọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Nígbà tí mo yọ irin ìdábùú, tí wọ́n sì gbé wa jáde, bàbá náà kò jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ́ẹ̀tì yẹn kò yẹ kó jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀." Wọ́n mú àdá, wọ́n lọ tààrà sídìí ògiri, wọ́n fa efinrin mi tu, wọ́n gbẹ́lẹ̀. Èédú wà níbẹ̀, iyọ̀ ti yọ́ tán, irin kò sí. Wọ́n fa ẹnu wáyà jáde, wọ́n fi hàn wá. Ọ̀bẹ ló gé e, ó hàn gbangba.

"Olè ni," ni ọkọ mi wí. "Bàbà ni irin náà, wọ́n á ti jí i tà."

Ọ̀nà àbáyọ dé fún mi wẹ́rẹ́ báyẹn. Mo lè mi orí, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo wákàtí kan lórí bẹ́ǹṣì ni, mi ò ní agbára láti tún fi irọ́ ti ara mi mọ́ inú yàrá mìíràn.

"Èmi ni," ni mo wí. "Èmi ni mo hú u. Mo rò pé wọ́n ri nǹkan mọ́lẹ̀ fún mi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀, nínú òjò tó ń dá díẹ̀díẹ̀. Bàbá oníṣẹ́ iná ṣí fìlà, wọ́n di orí wọn mú. Ọkọ mi ní, "Láti ọjọ́ yẹn, èmi lo rò pé mo rì í?" Ó ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o kò fi bá mi jẹun mọ́." Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè. Ó tú ọmọ lẹ́yìn mi, ó wá aṣọ gbígbẹ, ó ń nù ún lórí, ó ń nù ún lẹ́sẹ̀, títí mo fi bú sẹ́kún.

"Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀," ni bàbá oníṣẹ́ iná wí. "Ìyàwó wa kò sí nílé nígbà tí a rì í. Ó yẹ kí a ti fi hàn án nígbà tó dé."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n mú irin mìíràn wá. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi da iyọ̀ sí i, kí ọkọ mi bu omi lé e. Títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, mo gbọ́ pé wọn kì í bo ihò ẹ́ẹ̀tì níbikíbi láìpe obìnrin ilé wá da iyọ̀. Ní ti ìyá àdúrà, mi ò lè pè wọ́n ní òpùrọ́. Wọ́n ní ohun kan wà nílẹ̀, ó sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. A padà sínú abọ́ kan náà, èmi àti ọkọ mi, a sì jẹun níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ mi ò sọ ti ìgbà tí mo gbé itọ́ mì yẹn fún un títí ó fi kú. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo la ẹnu, tí mo tún pa á dé. Ibẹ̀ nìkan ni mo ṣì há sí.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ náà pè mí láti Ìbàdàn. Ó ti ra mọ́tò tó ń lo iná dípò epo, wọ́n sì ti wá ṣe wáyà sílé rẹ̀ tí yóò máa fi ṣáàjì rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé bí wáyà náà ṣe nípọn tó, inú rẹ̀ ń dùn bí ti bàbá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ́ẹ̀tì ńkọ́?" Ó ní wọ́n ti rì í lánàá. Mo ní, "Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó wà níbẹ̀?" Ó ní rárá, ibi iṣẹ́ ló wà nígbà náà, àmọ́ ó ti wà nílé báyìí.

Mo ní, "Pè é. Mú un lọ síbẹ̀ báyìí, kí o fi hàn án."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, irin lásán ni o."

Mo ní mo mọ̀. Mi ò gbé fóònù sílẹ̀ títí mo fi gbọ́ ohùn ìyàwó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta, tó ń béèrè pé ibo gan-an ni wọ́n rì í sí, kí sì ni iyọ̀ ń wá níbẹ̀.